Ìtọ́jú Oúnjẹ Sínú Kúlà Lójú Ìrìn-àjò Ìsinmi

Kúlà kì í mú nǹkan tutù fúnra rẹ̀. Ooru ìta ni ó ń dènà. Ọbẹ̀ tí ó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí a gbé e sínú rẹ̀ yóò kàn yọ́ yìnyín dànù ni. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sùn ọjọ́ méjì nínú igbó ọba ti mú oúnjẹ rẹ̀ dì láti òru tí ó ṣáájú.

Omi inú ọ̀rá tí ó ti dì gbagidi dára ju yìnyín fífọ́ lọ: kì í tètè yọ́, a sì lè mu ún nígbà tí ó bá yọ́. Ẹ fi há gbogbo àlàfo. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹran àti ẹja tútù wà, nínú ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, kí omi wọn má baà kán sórí oúnjẹ tí a ti sè. Kí ohun mímu ní kúlà tirẹ̀, nítorí àwọn ọmọdé kò ní yé ṣí i.

Òórùn kọ́ ni kí ẹ fi dán oúnjẹ wò. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kì í yí òórùn padà, láàrin 4°C sí 60°C ni wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Bí yìnyín bá yọ́ tán, tí ẹran, ọbẹ̀ tàbí mílíìkì sì wà nínú ooru ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù. Bí ooru bá ju 32°C lọ, bí ó ti sábà máa ń rí nínú oṣù Kẹta, wákàtí 1 péré ni. Gbígbé e padà kaná kò tó, nítorí oró tí àwọn kòkòrò kan ń tú sínú oúnjẹ kì í bá iná lọ.