Ìtàn Ámípílífáyà Kékeré: Bí Ohùn Tí Ó Mọ́ Gaara Ṣe Dé Ilé Mẹ̀kúnnù

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí mu, èyí ni ámípílífáyà kékeré tí a fi ń gbọ́ orin nínú ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohùn tí kò lágbára láti inú giramafóònù, rédíò, síídì tàbí fóònù, kí ó sì fún un ní agbára tí ó tó láti mi sípíkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí tí ó bá tóbi, tí ó wúwo, tí wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára sì pọ̀, ni ó dára jù. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìwọ̀nba agbára tí ó mọ́ gaara ni etí nílò nínú yàrá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní fi owó rẹ̀ ra ariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a fẹ́ràn èdè Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlù tí ń fọhùn kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń ki ènìyàn, tí ó fi ń pa òwe, tí ó sì fi ń bú ẹni tí ó bá fẹ́ bú. Bí a bá gbé àwo àpàlà Haruna Ishola tàbí àwo sákárà Yusuf Olatunji sórí ẹ̀rọ tí báàsì rẹ̀ bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, ijó lè wù wá jó, ṣùgbọ́n ohun tí onílù ń sọ ti bọ́ sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kọ́ èdè ìlù láti inú àwo àtijọ́ kò lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ámípílífáyà tó wọ inú ilé

Giramafóònù ayé àtijọ́ kò ní ámípílífáyà rárá. Abẹ́rẹ́ ni ó ń mi awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí fèrè ńlá sì ń ti ohùn náà jáde. Kò sí iná mànàmáná nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1906 ni Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ṣe gílóòbù kan tí ó pè ní Audion. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú gílóòbù yìí, tí iná kékeré tí ó wọ ọ̀kan nínú wọn fi lè darí iná ńlá tí ń kọjá láàárín àwọn méjì yòókù. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ẹnu ẹ̀rọ omi: agbára ìka tí ó ṣí i kéré, ṣùgbọ́n omi tí ó tú jáde lè kún àgbá. Inú irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, tí a wá ń pè ní fáàfù, ni gbogbo ámípílífáyà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1925, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn orin sílẹ̀ dípò fèrè.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ gbà gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò onísó wáyà ní ìlú Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé sára ògiri. Sípíkà ni ó wà nínú rẹ̀. Ámípílífáyà wà ní ilé-iṣẹ́ wọn, wáyà ni ó sì ń gbé ohùn náà kiri láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn bàbá wa pè é ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu dáadáa, nítorí ohun tí àwọn tí wọ́n ni ámípílífáyà bá yàn ni onílé yóò gbọ́. Kí ènìyàn ní ámípílífáyà tirẹ̀ nínú ilé túmọ̀ sí pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan ohun tí yóò gbọ́.

Láti fáàfù dé tiransísítọ̀

Ọdún 1947 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ọdún náà, D. T. N. Williamson gbé àwòrán ámípílífáyà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè kàn án fúnra rẹ̀. Wáàtì 15 péré ni agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n tí ó ń fi kún ohùn kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Èyí di òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń wọn iṣẹ́ ara wọn fún ọdún púpọ̀. Ẹ kíyè sí i pé mímọ́ ohùn ni ó sọ ẹ̀rọ náà di olókìkí, kì í ṣe ariwo.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́. John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní ọdún 1956. Fáàfù ń gbóná bí ààrò, ó ń fọ́, ó sì nílò tiransifọ́mà tí ó wúwo kí ó tó lè mi sípíkà. Tiransísítọ̀ kò nílò gbogbo ìyẹn.

Ó bọ́ sí àkókò gan-an. Alan Blumlein, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ EMI, ti kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n sítẹ́ríò láti oṣù Kejìlá ọdún 1931, ṣùgbọ́n ìparí àwọn ọdún 1950 ni àwo sítẹ́ríò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà. Láti ìgbà náà ni ámípílífáyà inú ilé ti di méjì nínú àpótí kan, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì. Bí kì í bá ṣe tiransísítọ̀, ìnáwó mẹ̀kúnnù ì bá di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀rọ yìí kò sì ṣàì kan orin wa pàápàá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí gbohùngbohùn àti ámípílífáyà wọ inú ẹgbẹ́ jùjú, gìtá àti ohùn olórin kò tún fara pamọ́ mọ́ sábẹ́ ìlù. Èyí fi àyè sílẹ̀ kí ìlù lè pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́, tí gángan sì rí ìjókòó níbẹ̀.

Ogun wáàtì

Nígbà tí ọjà gbòòrò, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye wáàtì bá ara wọn jà. Ẹ̀rọ tí ó lè gbé wáàtì 20 fún wákàtí kan, wọn a wọn agbára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn, wọn a sì kọ 100 sí i lára. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FTC, tí ń bójú tó òwò ní Amẹ́ríkà, fi ṣe òfin ní ọdún 1974 nípa bí a ó ṣe máa wọn agbára ámípílífáyà inú ilé kí a tó polówó rẹ̀. Àjọ náà tún òfin yìí ṣe ní ọdún 2024, èyí tí ó fi hàn pé ogun náà kò tíì parí.

Ní ọjà tiwa, àwọn lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni PMPO. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rédíò alákásẹ́ẹ̀tì àti àpótí orin ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó lè tó ẹgbẹ̀rún wáàtì. Kò sí òṣùwọ̀n kankan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Àgbá òfìfo ni ó ń dún woroworo.

Ẹ̀rọ tí ó dójú ti àwọn ńlá

Láàárín ogun yìí ni ilé-iṣẹ́ NAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1972, gbé ámípílífáyà kan jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970. NAD 3020 ni wọ́n pè é, Erik Edvardsen ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ní ìrísí, kò ní ọ̀ṣọ́: ó rí pẹlẹbẹ, ó ní àwọ̀ eérú tí ó ṣú, bọ́tìnì rẹ̀ kò sì ju mélòó kan lọ. Wáàtì 20 ni wọ́n kọ sí i fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn mìíràn ń pariwo ìlọ́po rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́. Edvardsen mọ̀ pé orin kì í béèrè agbára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ ìlù lójijì, ìgbà náà ni a nílò púpọ̀, fún ìṣẹ́jú akàn. Nítorí náà, ó ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ta kọjá wáàtì 20 dáadáa fún ìgbà díẹ̀, tí kò sì ní dákú bí sípíkà bá ṣòro láti mì. Bí a bá béèrè ohun tí ó ju agbára ámípílífáyà lọ, ńṣe ni ó máa ń gé orí ìgbì ohùn bí ẹni fi àdá gé e. Irú gígé bẹ́ẹ̀ kì í yí ohùn òkè padà di ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń da èérí sí i títí etí kò fi ní lè yà wọ́n mọ́. NAD fi bọ́tìnì kan sí i tí ń jẹ́ kí gígé náà rọ̀. Àwọn tí kò lówó fi ẹ̀rọ yìí gbọ́ ohun tí àwọn olówó ń gbọ́. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Kékeré di bíńtín

Ọgbọ́n mìíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ámípílífáyà àtijọ́ ń sọ apá púpọ̀ nínú iná tí ó ń jẹ di ooru. Àwọn onímọ̀ wá ronú pé bí a bá ń tan iná náà tí a sì ń pa á ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú akàn kan, díẹ̀ ni yóò ṣòfò. Class D ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Clive Sinclair ta ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1964, tí ó pè ní X-10, ṣùgbọ́n tiransísítọ̀ ìgbà náà kò yára tó, iṣẹ́ náà kò sì yọrí.

Ó tó bí ogójì ọdún kí ó tó yọrí sí rere fún mẹ̀kúnnù. Ilé-iṣẹ́ Tripath ní Amẹ́ríkà ṣe ìwọ̀nba ègé kékeré kan, TA2024, tí ó kó ámípílífáyà sítẹ́ríò jọ sójú kan. Sonic Impact fi í sínú àpótí oníke kan tí bátìrì kékeré mẹ́jọ lè gbé, wọ́n sì ń tà á ní nǹkan bí 40 dọ́là. Ní nǹkan bí ọdún 2005, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ olówó iyebíye bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyanu sọ̀rọ̀ nípa T-Amp yìí. Tripath wọ gbèsè ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Lónìí, ègé bí TPA3116 àti TPA3255 tí Texas Instruments ṣe ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ámípílífáyà tí kò ju ìwé àdúrà lọ ní títóbi.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà

Èkíní, sípíkà ni kí a kọ́kọ́ wò. Sípíkà tí ó ń fún wa ní desibẹ́ẹ̀lì 88 láti inú wáàtì kan, bí a bá dúró ní mítà kan sí i, yóò dé 91 pẹ̀lú wáàtì 2, 94 pẹ̀lú wáàtì 4, àti 100 pẹ̀lú wáàtì 16. Ohùn 100 ti pọ̀ jù fún yàrá tí ènìyàn ń gbé. Bí a bá sọ wáàtì 50 di 100, desibẹ́ẹ̀lì 3 péré ni a rí kún un. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá fi owó kún ti sípíkà yóò jèrè ju ẹni tí ó ń ra wáàtì lọ.

Èkejì, ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé iná wọ inú ámípílífáyà, kí ẹ sì sọ fọ́ọ̀tì rẹ̀ di ìlọ́po áḿpù rẹ̀. Fọ́ọ̀tì 24 lọ́nà áḿpù 4 jẹ́ wáàtì 96. Bí wọ́n bá kọ 300 sára páálí ẹ̀rọ náà fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ibi tí ìyókù yóò ti wá. PMPO ni ó pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá ní àwo orin nílé gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ojú ihò tí a kọ phono sí wà lára ẹ̀rọ náà. Ohùn abẹ́rẹ́ kéré púpọ̀, àti pé wọ́n máa ń dín báàsì kù nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, gẹ́gẹ́ bí ìlànà RIAA ti ọdún 1954; phono ni ó ń dá a padà sípò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré òde òní kò ní in, a ó sì ní láti rà á lọ́tọ̀. NAD 3020 àlòkù ní in, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún, nítorí náà owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

Ẹ̀kẹrin, níbi tí iná kò ti dúró, ẹ̀rọ Class D ní àǹfààní pàtàkì. Díẹ̀ ni ó ń jẹ, èyí tí ó bá sì gba fọ́ọ̀tì 12 lè ṣiṣẹ́ lórí bátìrì ọkọ̀.

Ìkádìí

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ẹ bá fẹ́ ra ámípílífáyà, ẹ mú orin kan dání tí ẹ mọ ohun tí ìlù rẹ̀ ń sọ. Ẹ má ṣe ṣí ohùn sókè jù. Ẹ fetí sí ìlù náà bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Bí ẹ bá gbọ́ gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ohùn òkè kò dà pọ̀ mọ́ ti àárín, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì bo àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ náà tó yín, iye yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó tí ń wá ariwo.