Ta Ni Ó Fún Alkyl Ní Ìlàwọ́?

Láti King's College, tí ó ti wà ní Erékùṣù Èkó láti 1909, títí dé St. Gregory's, tí ó ti wà níhà Ìkòyí láti 1928, ó ṣòro kí ènìyàn rí ọmọ tí ń múra ìdánwò kẹ́mísírì ní Àkéte ilé ọgbọ́n yìí tí kò ní ìtàn kan lẹ́nu: pé ọ̀làwọ́ láti inú ìyá rẹ̀ wá ni alkyl, ẹgbẹ́ kábọ́ọ̀nù òun háídírójìn, pé ṣe ni ó ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù tí kílórínì so mọ́, àti pé ìlàwọ́ àbínibí yìí ni ó jẹ́ kí tert-butyl chloride máa tètè jọ̀wọ́ kílórínì rẹ̀. Ìtàn náà dùn ún há sórí, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

N kò jiyàn ohun tí ojú rí. Ẹ kán tert-butyl chloride sínú silver nitrate tí a fi ọtí ethanol pò, kíá ni gbogbo rẹ̀ yóò funfun, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì sílẹ̀. Bí ó bá ṣe 1-chlorobutane ni, yóò mọ́ gaara títí yóò fi sú yín, àfi bí ẹ bá gbé e kaná. Orísun rẹ̀ ni mo ń bá wọn fà.

Ní 1968, Brauman àti Blair ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ọtí wò nígbà tí wọ́n wà bíi gáàsì, níbi tí omi kò ti lè bá wọn dá sí i, wọ́n sì rí i pé tert-butyl alcohol ń yọ̀ǹda proton rẹ̀ ju methanol lọ, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi. Bí ó bá jẹ́ pé títì nìkan ni alkyl mọ̀, báwo ni ó ṣe wá ń gba àpọ̀jù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́ kù mọ́ra? Lẹ́yìn náà, Mark Elliott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cardiff tún ṣírò rẹ̀ pé, bí a bá fi alkyl wé háídírójìn, fífà díẹ̀ ni ó ń fà, kì í tì.

Ìgbà tí kílórínì bá ń lọ gan-an ni ìrànlọ́wọ́ dé. Àyè òfìfo ni ó ń fi sílẹ̀ lára kábọ́ọ̀nù, àwọn ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù òun háídírójìn tí ó múlé tì í a sì fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ta á lọ́rẹ: mẹ́sàn-án ni wọ́n lára tert-butyl, mẹ́ta lára ethyl, methyl kò sì ní ẹyọ kan. (Fífún tí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta fún pọ̀ náà ń lé kílórínì jáde, ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Wọn yóò ní ìwọ̀n dipole ethyl chloride, 2.05 debye, ju ti methyl chloride lọ, tí kò ju nǹkan bí 1.9. Òótọ́ ni, ẹgbẹ́ tí ó tóbi rọrùn láti fà, kílórínì ni ó sì ń fà á.