Orí Olókun àti Ìṣírí fún Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Ọnà ní Ilé-Ifẹ̀, 1968 sí 1989

Ìfáàrà

Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá parí iṣẹ́ ọnà àkọ́kọ́ tí ó dá ṣe, ìbéèrè kan ni ó máa ń dojú kọ ọ́: ta ni yóò fi iṣẹ́ náà hàn? Bí ó bá gbé e síwájú ọ̀gá, ó lè gba èébú bọ̀. Bí ó bá gbé e lọ sí ọjà, ó lè má rí ẹni bojú wò ó. Bí ó bá sì gbé e pamọ́, kò ní mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ojú ẹlòmíràn ni ó ń rí i. Àpilẹ̀kọ yìí wo bí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe rí ojú ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1968 tí a dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀ ní Arúbídì, títí di ọdún 1989 tí ẹgbẹ́ Ọ̀nà jáde. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé kì í ṣe irinṣẹ́ tàbí owó ni ó gbé olùbẹ̀rẹ̀ ró jù lọ, bí kò ṣe àwùjọ tí ó lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú wọn nígbà tí iṣẹ́ náà kò tí ì dára.

Ojú ọnà, àmèyítọ́ àti ìlutí

Kí yunifásítì tó dé Ilé-Ifẹ̀, olùbẹ̀rẹ̀ kò ṣàìní ẹni tí ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére máa ń pín iṣẹ́ wọn sí: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀gá lè lé ọnà, kí ó fi apá kan iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́, kí ó sì tún gbà á padà parí. Báyìí ni ọwọ́ ọmọdé ṣe ń wọ inú iṣẹ́ àgbà kí ó tó dá dúró. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí a bí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1928 sínú ìdílé agbẹ́gilére, gba ọ̀nà yìí kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ilé, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún ní ibùdó tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọyẹ́-Èkìtì. Nígbà tí ó yá, ó di òṣìṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà náà kò dákẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, gbé ère síwájú àwọn ará ìlú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ní kí wọ́n sọ èyí tí ó dára jù àti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 fi hàn pé wọ́n ní èdè àmèyítọ́ tiwọn: wọ́n ń sọ nípa jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, àti bí ère ṣe yẹ kí ó gbé ọjọ́ orí ọ̀dọ́. Rowland Abíọ́dún, tí ó ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, sì ṣàlàyé pé ojú inú àti ojú ọnà nìkan kò tó oníṣẹ́ ọnà. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìfarabalẹ̀ àti ìlutí. Ìlutí ni kí ọ̀rọ̀ tí a bá sọ wọ etí ẹni, kí ó sì hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé etí kò lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Àìsí àwùjọ tí ń sọ̀rọ̀ ni àìsí ìlutí.

Láti Òṣogbo dé Arúbídì

Ní ọdún 1962, Dúró Ládipọ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier ṣí ibùdó kan ní Òṣogbo, ní àfarawé ẹgbẹ́ Mbari tí ó ti wà ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ, orúkọ náà sì di Mbárí Mbáyọ̀: ẹni tí ó bá rí i yóò yọ̀. Orúkọ yìí sọ iṣẹ́ tí ibùdó náà ń ṣe, nítorí pé wíwò ni ó ṣáájú níbẹ̀. Denis Williams láti Guyana darí àwọn ìpàdé ìkọ́ṣẹ́ àkọ́kọ́. Georgina Beier darí ti ọdún 1964. Àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Ládipọ̀ wà lára àwọn tí ó wá. Jimoh Buraimoh, tí ń bójú tó iná orí ìtàgé, di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Twins Seven-Seven, tí ó jẹ́ oníjó, di olókìkí káàkiri ayé, àjọ UNESCO sì fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 2005.

Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967. Ọgbà rẹ̀ jìn sí àárín ìlú. Ní ọdún 1968, Michael Crowder, olùdarí Ilé Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti yunifásítì náà, dá ibùdó Orí Olókun sílẹ̀, kì í ṣe nínú ọgbà, bí kò ṣe ní Arúbídì láàárín ìlú. Orúkọ orí idẹ tí Leo Frobenius rí ní igbó Olókun ní ọdún 1910 ni a fi sọ ibùdó náà. Ọlá Rotimi bójú tó eré orí ìtàgé, Akin Euba bójú tó orin, Peggy Harper bójú tó ijó, Solomon Wangboje sì bójú tó iṣẹ́ àwòrán. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe eré The Gods Are Not to Blame ní ọdún 1968.

Yíyàn tí Wangboje yàn yẹ ní àfiyèsí. Ọmọ Ẹdó ni, ó kàwé gboyè ní Zaria àti ní New York. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè nígbà náà. Ẹni tí ó ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè jókòó sínú ọgbà kí ó máa kọ́ àwọn tí ó yege ìdánwò nìkan. Dípò èyí, ó ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ará ìlú tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí. Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ jù, èyí tí í ṣe títẹ àwòrán láti ara pákó gbígbẹ́, sì bá olùbẹ̀rẹ̀ mu. Ẹni tí ó gbẹ́ pákó kan lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè fún ọ̀rẹ́ ní ẹyọ kan, kí ó ta ẹyọ kan, kí ó sì fi ẹyọ kan sọ́wọ́ láti wo àṣìṣe rẹ̀. Níwọ̀n bí eré, orin, ijó àti àwòrán ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà, onílù lè wo iṣẹ́ ayàwòrán, òṣèré sì lè dá sí i. Rufus Ògúndélé, ọmọ ẹbí Dúró Ládipọ̀ tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì di afárá láàárín ibùdó méjèèjì.

Àríyànjiyàn lórí ìyìn

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí irú ìṣírí yìí. Àwọn alámèyítọ́ kan, pàápàá láàárín àwọn tí ó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ọnà, sọ pé ìyìn tètè ń dé bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àwọn ibùdó wọ̀nyí, àti pé ojú àwọn òyìnbó tí ń ra àwòrán ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí ó dára. Ẹ̀sùn yìí ní ìwọ̀n. Ẹni tí a bá ń yìn nítorí àìmọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìmọ̀, kí ó má bàa pàdánù ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àlejò nìkan ni ó ń rà, ìtọ́wò ará ilé kò ní ríbi dúró.

Síbẹ̀, ẹ̀sùn náà da ohun méjì pọ̀: ìyìn àti ìwòye. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ìyìn tí kò ní ìbáwí nínú ni ó ń ba olùbẹ̀rẹ̀ jẹ́. Ìbáwí tí kò ní ìfàmọ́ra nínú ni ó sì ń lé e lọ. Àǹfààní tí Arúbídì ní ju yàrá ìpàtẹ lọ ni pé ojú ará ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú àlejò, ẹni tí ó sì sọ pé ẹsẹ̀ àwòrán kò gún yóò tún bá oníṣẹ́ náà pàdé lọ́la.

Àǹfààní yìí kò pẹ́. Crowder kúrò ní Ifẹ̀ ní ọdún 1971, Ulli Beier sì darí Ilé Ìmọ̀ náà títí di ọdún 1974. Wangboje náà lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1970, eré orí ìtàgé ti ń kó wọ inú ọgbà yunifásítì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sì ti di ohun tí a ń gba oyè lé lórí. Ohun rere ni oyè. Ṣùgbọ́n oyè ní ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ọ̀dọ́ Arúbídì tí kò ní ìwé mẹ́wàá kò lè bá ibẹ̀ wọlé mọ́, bí ó ti wù kí ojú ọnà rẹ̀ mú tó.

Ẹgbẹ́ Ọ̀nà àti ògiri ojúbọ

Ní ọdún 1989, ọdún méjì lẹ́yìn tí yunifásítì náà gba orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà tí Ifẹ̀ kọ́ dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Lára wọn ni Móyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání, Bọ́lájí Campbell àti Tọ́lá Wẹ́wẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní oyè, ṣùgbọ́n wọ́n tún wá olùkọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní. Òkédìjí lo erùpẹ̀ ilẹ̀ láti fi kun àwòrán, ní títẹ̀ lé àpẹẹrẹ àwọn obìnrin tí ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà. Campbell ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ wọn ní ọdún 2008.

Ètò iṣẹ́ àwọn obìnrin náà dáhùn ìbéèrè ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ju ti ilé ìwé lọ. Àgbà obìnrin ni ó ń ṣáájú, àwọn tí ó kéré ń ràn án lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ lára ògiri kan náà ní gbangba. Bí ọdún òrìṣà bá tún yípo, wọn yóò tún ògiri náà kùn. Ẹni tí ìlà rẹ̀ wọ́ lọ́dún yìí mọ̀ pé gbogbo ìlú rí i. Ó sì mọ̀ pé ògiri ń dúró dè é lọ́dún tí ń bọ̀.

Ìparí

Òkìkí Ilé-Ifẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà dá lórí àwọn orí idẹ tí ó ti pé kí ayé tó rí wọn. Èyí lè mú kí a rò pé iṣẹ́ tí ó pé nìkan ni ó yẹ fún ojú ènìyàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Arúbídì kọ èrò yìí. Níbẹ̀, fún ọdún díẹ̀, yunifásítì jáde lọ bá ìlú, iṣẹ́ tí kò tí ì pé sì rí ojú tí yóò wò ó. Bí a bá ń ka èso Orí Olókun, kò yẹ kí a ka àwọn tí ó di olókìkí nìkan. Ó yẹ kí a ka ẹni tí ó gbẹ́ pákó kan ṣoṣo, tí ó tẹ̀ ẹ́, tí ó fi han ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ náà sì ní, “Ojú rẹ̀ ti ń jọ ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe.”