Bí Èèpo Àgbọn Ṣe Di Asẹ́ Gáàsì àti Wúrà

Ní ọdún 1918, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má da kóró èso nù mọ́. Kóró píìṣì, kóró plum, èèpo walnut, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa kó jọ. Kóró píìṣì 200 ni wọ́n ní yóò pèsè èédú inú ìbòjú kan ṣoṣo, ìyẹn ìbòjú tí kì í jẹ́ kí gáàsì olóró pa sójà lójú ogun.

Èédú náà kì í ṣe irú èyí tí a fi ń dáná. Activated carbon ni wọ́n ń pè é, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́. Ní 1785, Tobias Lowitz, apoògùn kan ní Saint Petersburg, ṣàkíyèsí pé èédú igi máa ń yọ àwọ̀ kúrò nínú omi. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ṣúgà ní Yúróòpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú sẹ́ ẹ kí ó lè funfun.

Àmọ́ agbára èédú lásán kò tó nǹkan. Ní 1900 àti 1901, oníhùmọ̀ kan tó ń jẹ́ Raphael von Ostrejko gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí ọ̀nà méjì tí a fi lè fún un lágbára. Èkíní ni kí wọ́n po ohun tí wọ́n fẹ́ sun mọ́ kẹ́míkà bíi zinc chloride. Èkejì ni kí wọ́n fẹ́ ooru omi sí èédú tó ti pọ́n yòò.

Lónìí, bí wọ́n bá fẹ́ lo ọ̀nà kejì yìí, wọ́n á kọ́kọ́ sun èèpo níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, kí ó má baà di eérú. Lẹ́yìn náà ni ooru omi, ní ìwọ̀n 800 sí 1,000 Celsius, á máa jẹ èédú náà díẹ̀díẹ̀, títí inú rẹ̀ á fi kún fún ihò tíntìntín. Bí a bá lè tẹ́ ògiri ihò inú gíráàmù 1 péré sílẹ̀, ó lè tó mítà onígun mẹ́rin 1,000. Ara ògiri wọ̀nyí ni gáàsì, òórùn àti èérí ń lẹ̀ mọ́.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ èèpo di ohun iyebíye. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì chlorine sílẹ̀ ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Lọ́dún yẹn kan náà, onímọ̀ kẹ́míkà Nikolai Zelinsky ní Rọ́ṣíà ṣe ìbòjú tó ní èédú igi nínú. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà dán oríṣiríṣi nǹkan wò, wọ́n sì rí i pé èèpo àgbọn dára púpọ̀: ó le, ihò inú èédú rẹ̀ sì kéré tó láti mú gáàsì dání. Nítorí pé àgbọn kò tó ni wọ́n ṣe ń wá kóró píìṣì kiri.

Líle èèpo àgbọn ló tún mú èédú rẹ̀ dé ibi ìwakùsà wúrà. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Homestake ní South Dakota ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní 1973, àwọn awakùsà ń da èédú sínú ẹrẹ̀ tí kẹ́míkà cyanide ti yọ́ wúrà sí, kí ó lè fa wúrà náà mọ́ra. Èédú tó bá rọ̀ á fọ́, á sì gbé wúrà lọ. Ti àgbọn kì í tètè fọ́.

Ní Nàìjíríà, tí ọ̀pẹ pọ̀ sí, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ti fi èèpo èkùrọ́ àti phosphoric acid ṣe irú èédú yìí, wọ́n sì ti fi yọ aró àti òjé kúrò nínú omi. Kí iṣẹ́ náà tó lè kúrò nínú yàrá ìwádìí, ó nílò ààrò tí ooru rẹ̀ kì í yẹ̀, àti omi tó pọ̀ láti fọ kẹ́míkà kúrò lára èédú kí wọ́n tó fi sẹ́ omi mímu.