Àìná ọmọ Òkè-Ọ̀dàn: orúkọ tó kù nínú ìwé

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Òkè Ọya ló ń béèrè bí èèyàn ṣe lè tọpa ẹbí tó ti kúrò nílé láti kékeré, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ní 1848, ogun Dàhómì kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì mú òun lẹ́rú. Nǹkan bí ọdún méjì ló fi wà lọ́dọ̀ Ọba Gézò. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá atukọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bá ọba sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú. Ọba ní kó mú ọmọ náà lọ fún Ọbabìnrin Victoria gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Forbes gbà á, torí ó mọ̀ pé tí òun bá kọ̀, wọ́n lè pa á.

Láti ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí Forbes tẹ̀ jáde ní 1851, ó fojú bù ú pé ọmọ náà á tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ orí yòówù tẹ́ ẹ bá rí fún un, ẹ má fi búra.

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Forbes kò mọ ilé ọmọ, ọkọ̀ ló wò. Bonetta lorúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Bí ọmọ ṣe di Sarah Forbes Bonetta nìyẹn: orúkọ ìrìbọmi, orúkọ ẹni tó gbé e, orúkọ ọkọ̀ tó gbé e. Kò sí èyí tó sọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọpa á rí ọ̀nà tó gbà lọ nínú ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ọbabìnrin rí i ní Windsor, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀. Ní 1851 wọ́n rán an lọ síléèwé àwọn míṣọ́nnárì CMS ní Freetown. Ní 1855 ó padà sí England, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìdílé Schön. Àwa tá a ń gbọ́ Haúsá lójoojúmọ́, ẹ gbọ́ o: J. F. Schön yìí náà ló kọ ìwé gírámà Haúsá àti ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá láyé ìgbà yẹn.

Ní 14 Oṣù Kẹjọ 1862, ó fẹ́ J. P. L. Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Oníṣòwò ni ọkọ rẹ̀. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lóko ẹrú sì làwọn òbí ẹ̀. Nínú ìwé ìgbéyàwó náà, orúkọ kan ṣáájú Sarah: *Ina*.

Òyìnbó lè kà á kó kọjá lọ. Àwa mọ̀ ọ́n. Àìná ni, ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ohun tí gbogbo ìwé yòókù kò sọ, orúkọ yìí sọ ọ́. Ẹnì kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó rí ìwọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ogun Òkè-Ọ̀dàn, ọmọ náà kò gbàgbé.

Ó bí Victoria, Arthur àti Stella. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní 15 Oṣù Kẹjọ 1880. Ọkọ rẹ̀ ri òkúta ìrántí fún un ní oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, lápá ìwọ̀ oòrùn Èkó.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé tiwa. Àtìgbà tí rélùwéè ti dé Kano ní 1911 ni àwọn èèyàn wa ti ń gòkè wá. Àwọn kan tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá wọn wá ní kékeré, ogun kọ́ ló lé wọn. Síbẹ̀, nínú ìwé, ẹni tó ń jẹ́ Àjàní nílé lè di orúkọ mìíràn pátápátá, tàbí kó fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá. Tí ọmọ-ọmọ bá wá délé tó ń béèrè Ibrahim, ta ló máa mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, ẹ má da ìwé àtijọ́ nù: káàdì ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, sátífíkéètì iléèwé, rìsíìtì owó orí. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ béèrè oríkì àti àmútọ̀runwá lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣì wà, pẹ̀lú orúkọ agboolé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Kí ni orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá tàbí ìyá yín àgbà nílé, tí kò sí nínú ìwé kankan? Ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ tọ́jú ẹ̀.