Kí NEPA Tó Dé: Bí Ilé Ṣe Ń Múra De Òkùnkùn ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè fóònù yín: èló ni bátìrì kù? Bí iná bá lọ báyìí, tí kò sì dé fún ọjọ́ márùn-ún, kí ni ẹ máa fi gbé e? Ìtàn tòní dá lórí ìbéèrè yẹn. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́, àwọn ìlú mẹ́ta tó tò tẹ̀léra wọn lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà.

Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkìrun, ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. National Control Centre ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ kí iná tí àwọn ibùdó ń pèsè àti èyí tí a ń lò lè bára mu. Bí wọn ò bá bára mu mọ́, àwọn ẹ̀rọ ńlá á máa pa ara wọn kí wọ́n má baà bàjẹ́, ọ̀kan á fa èkejì, gbogbo ilẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ohun tí à ń pè ní "gíríìdì wó" nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà. Tí gíríìdì bá wó, ará Ìkìrun tó lè lọ sí Òṣogbo kó sì dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àti ará Sókótó tó wà lọ́nà jíjìn, òkùnkùn kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn dáadáa. Kí réluwé tó dé, epo pupa àti àdín ni ilé fi ń ríran lálẹ́. Fìtílà amọ̀, tàbí ti irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, wọ́n á da epo sí i, wọ́n á lọ́ òwú sínú rẹ̀, ó parí. Fìtílà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tàn sídìí igbá ọjà lálẹ́. Ẹ kíyè sí i pé epo tó ń tanná yìí náà ló ń se ọbẹ̀. Obìnrin tó bá ṣe epo tó pọ̀ lásìkò ẹyìn ti fi iná àti oúnjẹ pamọ́ pọ̀. Kódà pàǹtí ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán, wọ́n ń sá a gbẹ, òun ni ògùṣọ̀ tí wọ́n fi ń dáná.

Réluwé láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Ìkìrun àti Òkukù wà lójú irin yẹn. Kẹrosíìnì onígarawa wọ ìgboro, àtùpà alágolo tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí owó kòkó bá wọlé fún a ra lántánì onígíláàsì. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni nǹkan ti yí padà, kì í ṣe ìgbà tí NEPA dé. Látìgbà náà ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra iná lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nǹkan yòókù ò tíì sí lọ́wọ́ àlejò. Omi wà nínú amù, ó tutù láìsí fíríìjì. Ẹja àti ẹran wà lókè ààrò, èéfín ń gbẹ wọ́n. Iṣu tó pọ̀ jù di èlùbọ́, ẹ̀gẹ́ di gàrí. Ògì wà lábẹ́ omi, wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ọbẹ̀ ń gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má baà kan. Bí kẹrosíìnì bá tán lọ́jà, òkùnkùn nìkan ni wàhálà: ebi ò pa ẹnikẹ́ni torí àtùpà kú.

Ìjọba dá ECN sílẹ̀ ní 1950. Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968, wọ́n sì pa ECN àti àjọ tó ń bójú tó ìsédò pọ̀ ní 1972, ó di NEPA. Inú gbogbo wa dùn. "Up NEPA!" tí ọmọdé ń pariwo, adúrà ni. Kò pẹ́ tí ẹja kúrò lókè ààrò bọ́ sínú fírísà, tí omi kúrò nínú kànga bọ́ sínú bọhóòlù, tí owó náà wá bọ́ sínú fóònù. Gbogbo rẹ̀ so rọ̀ mọ́ wáyà kan. NEPA di PHCN ní 2005, aládàáni gbà á ní 2013, wáyà ọ̀hún ò yí padà.

A wá ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I better pass my neighbour", a ní a ti múra sílẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Wáyà kejì la kàn rà, tí orí rẹ̀ wà ní ilé epo. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ púpọ̀ di ohun èlò ìdúró sí kọ̀rọ̀. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kì í rùn, tí ojú ò rí, ó sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná láé. Ìta gbangba ni, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé, kí ẹnu sàláńsà rẹ̀ kọjú síbòmíràn.

Kí ni mo máa ṣe? Ohun tí ilé àtijọ́ ṣe ni: mi ò ní jẹ́ kí ohun méjì gbára lé orísun kan. Iná: gílóòbù sólà kékeré, nítorí oòrùn ò ní ilé epo. Fóònù: páwà báǹkì tó kún, fún ìpè nìkan, kì í ṣe fún TikTok. Owó: owó bébà díẹ̀ nílé, torí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń mu dísù, bó bá kú, POS á kú. Oúnjẹ: ẹ má máa ṣí fírísà wò. Bó bá kún tí ẹ ò sì ṣí i, ó lè di tútù mú fún wákàtí 48, fíríìjì lásán ò ju mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti mọ̀, iná ààrò àti iyọ̀. Ẹni tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú tútù, bíi insulin, kó bi apòògùn rẹ̀ léèrè lónìí nípa ìkòkò amọ̀ méjì tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn.

Omi ló kù. Bí kànga bá wà lẹ́yìnkùlé ilé bàbá yín àgbà, èyí tí wọ́n fi páànù bò látìgbà tí bọhóòlù ti dé, ẹ pe àgbà kan mọ́ra kí ẹ ṣí i. Ẹ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀, ẹ gbọ́n ọn, ẹ ra okùn tuntun àti korobá. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ ṣe é.