Percy Fawcett àti ìlú tí ó sọnù nínú igbó Amasọ́nì

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí bá ìtàn Percy Harrison Fawcett mu gan-an, ọ̀gá ológun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá ìlú kan lọ sínú igbó kìjikìji Amasọ́nì ní ọdún 1925, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì tún fojú kàn án mọ́.

Ọdún 1867 ni wọ́n bí Fawcett ní ìlú Torquay. Ní 1906, Royal Geographical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, rán an lọ wọn ààlà ilẹ̀ Bòlífíà àti Bràsíìlì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú igbó náà. Àwọn àpáàdì tí ó rí nílẹ̀ mú un gbàgbọ́ pé ìlú ńlá kan ti wà níbẹ̀ rí. Ìwé àfọwọ́kọ kan ní ilé ìkàwé ìjọba ní Rio de Janeiro tún dá kún un: àwọn Potogí kan sọ nínú rẹ̀ pé àwọn dé ìlú olókùúta kan tí ó ti dahoro ní 1753. "Z" ni Fawcett sọ ìlú tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, 1925, ó gbéra ní Cuiabá, òun, Jack ọmọ rẹ̀, àti Raleigh Rimell, ọ̀rẹ́ Jack. Ó ti kìlọ̀ pé bí àwọn kò bá padà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá àwọn wá. Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ni ó kọ lẹ́tà ìkẹyìn sí Nina, ìyàwó rẹ̀, láti ibi tí ẹṣin rẹ̀ kú sí nínú ìrìn-àjò kan ṣáájú. Ó fi lẹ́tà náà rán àwọn tí ń bá wọn ru ẹrù padà, àwọn mẹ́ta sì bá tiwọn lọ.

Ní 1928, George Dyott wá wọn lọ, ó sì padà wá sọ pé wọ́n ti pa wọ́n. Ní 1951, wọ́n gbé egungun kan jáde pé ti Fawcett ni. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn Kalapalo, tí wọ́n gba àwọn àlejò náà sílé, ní ìtàn tiwọn: àwọn kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe gba ìhà ìlà-oòrùn, nítorí àwọn ẹ̀yà kan tí ó rorò ń bẹ níbẹ̀. Wọn kò gbà. Fún ọjọ́ mélòó kan ni èéfín iná wọn ń rú lókè igbó. Nígbà tí ó yá, kò rú mọ́.

Ṣé irọ́ ni ìlú náà? Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Láti àwọn ọdún 1990 ni Michael Heckenberger, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, ti ń bá àwọn Kuikuro, aládùúgbò àwọn Kalapalo, ṣiṣẹ́ ní agbègbè odò Xingu. Ní 2003 àti 2008, òun pẹ̀lú àwọn Kuikuro gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n rí àwọn ìlú tí yàrà yí ká, tí wọ́n ní gbàgede láàárín, tí ọ̀nà gbọọrọ sì so wọ́n pọ̀. Kuhikugu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láàárín nǹkan bí 1250 sí 1650 ni wọ́n gbilẹ̀, kí àrùn tí àwọn òyìnbó kó wá tó run ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí igbó sì bo ibùgbé wọn.

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìlú olókùúta ni Fawcett ń wá, ó sì rò pé àwọn ènìyàn tí ó ti òkèèrè wá ni wọ́n kọ́ ọ. Igi àti amọ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn Kuikuro fi kọ́ tiwọn. Igi ti jẹrà, yàrà ṣì wà nílẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ títí di òní.